Ẹrú Ní Bàbá, Ọ̀nà Ni Ó Jìn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú wa ní Alápòtí)

    

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, ó fi kún un pé kí n má jẹ́ kí ó gùn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ sì mọ̀ pé olùkọ́ kì í tètè gbọ́ agogo. Ṣùgbọ́n n ó gbìyànjú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìròyìn ìrìn-àjò ọjọ́ méjì lọ, èyí tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ rìn lọ sí Àgbádárìgì ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ní ọdún tí ó kọjá.

Bóyá ẹlòmíràn ń rò nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ni ó wà ní Àgbádárìgì tí a kò mọ̀. Ìtòsí ni. Ẹni tí ó bá jáde nílé yìí ní òwúrọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò bá dá a dúró ní Lusada tàbí ní Àgbárá, lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ níbẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nítòsí ẹni gan-an ni ènìyàn kì í sábà wò. Ọjọ́ orí mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí mo ti dé ìlú náà rí, òkú ni mo lọ sin tàbí ìyàwó ni mo lọ bá wọn gbé, bí ayẹyẹ bá sì ti parí ni mo ń kánjú padà. N kò lọ rí bí ẹni tí ó fẹ́ mọ nǹkan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń wí yìí, Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀ kú níbẹ̀, a sì gbé e wálé sin bí ó ti fẹ́. Nígbà tí ó pé ọdún kan, ọmọ náà wá láti bá wa ṣe ìrántí rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń rìn lórí òkúta tí ń yọ̀ ni ó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí yóò tẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó wí fún mi pé, "Bàbá kékeré, wọ́n kọ́ wa nípa òwò ẹrú ní ilé-ìwé, wọ́n sì dárúkọ Àgbádárìgì. Ṣé ó jìnnà sí ilé wa?" Ojú tì mí díẹ̀. Mo ní kò jìnnà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì a gbéra. A gba Lusada, a kọjá lára àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Àgbárá, a sì bọ́ sí ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Bí a ti ń lọ ni mo ń sọ ìtàn ọ̀nà fún un, nítorí pé ọ̀nà òkun yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ tiwa. Ní nǹkan bí ọdún 1842 àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà, láìpẹ́ wọ́n sì lọ dó ti Adó, ogun náà sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó fà á ni pé Abẹ́òkúta ń fẹ́ kí ọ̀nà tí ó lọ sí Àgbádárìgì ṣí sílẹ̀ fún òun, nítorí pé ibẹ̀ ni ọjà òkè òkun, ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà wọlé. Ẹ rántí pé láàrin Ọ̀tà àti Adó ni ilẹ̀ wa wà. Ní ayé ogun bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jáde lọ roko ní àárọ̀ lè wà nínú okùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn tí a bá kó lójú ogun, ẹlòmíràn di ti ẹni tí ó kó o, ẹlòmíràn sì ń bá ọ̀nà lọ sí etí òkun. Ọmọ náà tẹ́tí sílẹ̀, kò sì fèsì. Ó kàn ń wo igbó àti ilé tí a ń kọjá lára wọn.

Nígbà tí a dé Àgbádárìgì, ọgbà Sẹ̀ríkí Williams Abass ni a kọ́kọ́ lọ. Ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí kí ọkọ̀ tó dé ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń mú àlejò kiri níbẹ̀ sọ fún wa pé yàrá 40 ni ó wà nínú ọgbà náà láyé ọjọ́un, àti pé ènìyàn 40 ni wọ́n ń tì mọ́ inú yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo wọ inú ọ̀kan. Fèrèsé rẹ̀ kékeré kò ju ibi tí ológbò lè gbà lọ. Ọmọkùnrin náà fi agbòòrùn àtijọ́ kan hàn wá, ó ní ẹrú 40 ni wọ́n máa ń fi pààrọ̀ irú rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ fojú inú wo ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin ènìyàn mi: ogójì ọmọ ènìyàn, nítorí ohun tí a fi ń dá oòrùn dúró.

Ṣùgbọ́n ìtàn ẹni tí ó ni ọgbà náà ni ó mú mi lọ́kàn jù. Sẹ̀ríkí Williams Abass kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ni, ará Ìjògà-Orílé, ní ilẹ̀ Yewa nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín. Fárẹ̀mí ni orúkọ rẹ̀ nílé. Ọmọdé ni nígbà tí a kó o lẹ́rú. Ó bọ́ sí ọwọ́ oníṣòwò ará Dahomey kan tí ń jẹ́ Abass, lẹ́yìn náà ó di ti ará Brazil kan tí ń jẹ́ Williams. Ó kọ́ èdè àwọn òyìnbó, ó gbọ́n, ó padà wá sí etí òkun yìí, òun fúnra rẹ̀ sì di ẹni tí ń ta ènìyàn. Ó di ọlọ́rọ̀ àti Sẹ̀ríkí Mùsùlùmí, ó kú ní 1919, inú ọgbà náà ni ibojì rẹ̀ sì wà di òní. Títí ó fi kú, orúkọ àwọn méjèèjì tí ó rà á ni ó ń jẹ́.

Ẹni tí a tà ni ó wá di ẹni tí ń tà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn èyí ó yíjú sí mi, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí ó gbé mi wá síwájú yín lónìí. Ó ní, "Bàbá kékeré, àwọn bàbá tiwa ńkọ́? Ṣé àwọn tí a tà ni wọ́n, àbí àwọn tí ó ń tà?"

Mo la ẹnu, n kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Èmi tí mo fi ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn! Mo lè ka ọdún tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òwò ẹrú, èyíinì ni 1807, àti ọdún tí Brazil dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀, èyíinì ni 1888. Mo lè sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù méjìlá ènìyàn tí a kó sínú ọkọ̀ kọjá òkun Atlantic, àti pé ó tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kò gúnlẹ̀ láàyè. Ṣùgbọ́n èwo nínú rẹ̀ ni ti ilé wa, n kò mọ̀. Mo ní, "N ó bèèrè." Ìdáhùn tí mo rí fún un kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ibẹ̀ a lọ sí ilé ìdílé Mobee. Olóyè Sunbu Mobee, baba ńlá wọn, wà nínú àwọn tí ó bá òyìnbó ṣòwò ẹrú. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ kò kó ìyẹn pamọ́. Wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jọ sínú ilé ara wọn, èyí tí a fi ń de ọrùn, èyí tí a fi ń de ẹsẹ̀, èyí tí a fi ń ti ẹnu ènìyàn pa kí ó má baà jẹun tàbí kí ó kígbe, àti èyí tí ó kéré tí ó jẹ́ ti ọmọdé. Wọ́n ń fi hàn fún ẹni gbogbo, wọ́n sì ń sọ pé, "Baba wa wà nínú rẹ̀." Mo gbé ẹ̀wọ̀n ọrùn kan lọ́wọ́. Irin náà wúwo, ó sì tutù. Bí mo ti gbé e kalẹ̀ ni mo ń rò ó pé ìdílé mélòó ní ìlú tiwa ni ó lè ṣe ohun tí ìdílé yìí ṣe. Àwa a máa gbé oríkì baba tí ó jagun ṣẹ́gun sókè. Níbo ni oríkì àwọn tí ó kó bọ̀ láti ogun náà wà?

Ilé àlejò kékeré kan ní etí ọ̀sà ni a sùn. Ọmọ náà sùn. Èmi kò tètè sùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, n ó sì sọ ọ́ fún yín láìpẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta a wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wọ̀ wá ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, a sì sọdá ọ̀sà sí Gberefu. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, igi àgbọn sì pọ̀. Láti èbúté, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn dé etí òkun. Ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà. Kànga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Afinimọ̀nà wa ní wọ́n máa ń mú kí ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí ó lè gbàgbé ilé, kí ó má baà ya ọlọ̀tẹ̀ nínú ọkọ̀. N kò mọ̀ bóyá omi lè mú ènìyàn gbàgbé ilé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí ó gbẹ́ kànga bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun kan dájú: ó mọ̀ pé ẹrú ní ilé, ó mọ̀ pé ó ní ìyá àti bàbá tí ó ń rántí. Àwọn àgbà wa kúkú ti wí i, wọ́n ní ẹrú ní bàbá, ọ̀nà ni ó jìn.

A rìn títí a fi gbọ́ ìró òkun. Ibi tí wọ́n ń pè ní ibi tí ẹni tí ó bá kọjá kì í padà mọ́ ni a dé yẹn. Omi náà ń bì lu iyanrìn, kò sì sí ohunkóhun níwájú àfi òfuurufú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ inú omi dé orúnkún. Nígbà tí ó jáde ó ní, "Bàbá kékeré, ọkọ̀ òfuurufú ni èmi gbà, wákàtí mẹ́fà péré ni. Mo sì tún padà." Mo ní, "Ìwọ padà, ọmọ mi."

Nígbà tí a padà sọdá, mo mú un lọ sí ojúlé kejì nínú ìtàn Àgbádárìgì, kí ó má baà rò pé ilẹ̀kùn ìjáde nìkan ni ìlú náà ní. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti dá sílẹ̀ ní Sierra Leone, tí a ń pè ní Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé, Àgbádárìgì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà. Àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn oníwàásù tẹ̀lé ara wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú William de Graft. Bàbá Freeman jẹ́ ènìyàn dúdú, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dé, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. A dé ibi tí igi Àgíà wà, lábẹ́ èyí tí a ti kọ́kọ́ wàásù. Igi náà ti wó láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1959, òkúta ìrántí ni ó kù níbẹ̀. Ní 1843 ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní ìlú náà, èyí tí a gbà pé ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, mo ṣí fìlà mi nígbà tí mo rántí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni a gun òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1845. Nínú ilé náà ni wọ́n ti fi yàrá kan hàn wá pé Àjàyí Crowther gbé ibẹ̀. Púpọ̀ nínú yín mọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un sọ nítorí àwọn ọmọdé. Ní 1821 ni ogun kó o ní Òṣóògùn, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gbà wọ́n lójú omi, ó sì kó wọn lọ sí Freetown. Ní oṣù Kìíní ọdún 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Kò lè lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ọ̀nà kò sì dára. Ó dúró ní Àgbádárìgì fún nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀nà ilẹ̀ tiwa ni ọ̀nà tí kò dára yẹn! Ní 1846 ó ráyè kọjá, ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni ìyá rẹ̀ sì wá bá a ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti pínyà. Obìnrin náà ti di ẹrú, a ti tà á, a sì ti rà á padà, ní àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ níhìn-ín, láìrí òkun rí. Ọmọ rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, Bíbélì tí ó jẹ́ àgbà nínú àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ sì pé odindi ní èdè wa ní 1884.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí a tà ni ó kọjá òkun." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n tà tí kò jìnnà ju ìrìn ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bí mo ti wí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ń jẹ mí lọ́kàn láti òru tún dìde.

Nígbà tí a padà délé, mo lọ bá ìyá wa àgbà, àbúrò bàbá mi tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ìbéèrè ọmọ náà fún un. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyá tí ó bí bàbá mi kì í ṣe ọmọ ìlú yìí. Ọmọdé ni nígbà tí a mú un wá. Bàbá ńlá yín ni ó fi owó rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń bọ̀ láti ogun. Nígbà tí ó dàgbà ó fi í ṣe aya. Ilà ojú rẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹnu ayé."

Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ náà nìyẹn. Ẹni tí ó rà àti ẹni tí a rà, àwọn méjèèjì ni wọ́n bí wa.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ní Àgbádárìgì. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí a ń pín ilẹ̀ kan nínú ẹbí, àwọn tí ń ra ilẹ̀ nítorí ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé sì ti sọ ilẹ̀ di wúrà, ìjà dé. Ọkùnrin kan tí ó jẹ́ ìbátan wa ní òun náà ní ìpín. Èmi, olùkọ́, alàgbà, ẹni tí ẹ ń bọ̀wọ̀ fún, ni mo dìde láàrin àgbà tí mo wí fún un pé kí ọmọ ẹrú jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ bíbí ilé bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà jókòó. Kò tún dìde mọ́ ní ọjọ́ náà. Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí nísinsìnyí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo ti lọ bá a ní ilé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ju ú lọ, mo sì sọ fún un pé ohun tí mo fi bú u wà lára èmi pẹ̀lú. Ó fà mí dìde. Ìpín rẹ̀ nínú ilẹ̀ náà, ẹbí wa ti gbà láti tún un yẹ̀ wò. Mo rò pé ó tọ́ kí n tún sọ ọ́ níwájú yín, nítorí pé níwájú ènìyàn ni mo ti bú u.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú mi, èmi nìkan kọ́ ni mo máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A ń sọ ọ́ bí oyè bá ṣófo. A ń sọ ọ́ bí a bá ń fẹ́ ìyàwó. A ń sọ ọ́ ní ìdí ilẹ̀. Àwọn àgbà tí ó ní ẹrú fúnra wọn ni wọ́n fi òwe sílẹ̀ fún wa pé bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Bí àwọn tí ó rà wọ́n bá lè sọ èyí, kí ni àwa tí a bí lẹ́yìn wọn rí tí a fi ń gbéra ga? Kò sì sí ẹni tí ó dá a lójú nínú wa pé kò sí irú ìyá bẹ́ẹ̀ nínú ilé tirẹ̀. Kìkì pé ilẹ̀kùn wà ní títì ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa rò wò.

Èkínní, kí a ṣí ìwé kan, nínú èyí tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan yóò kọ orúkọ àwọn baba àti ìyá ńlá rẹ̀ sí, títí dé ibi tí ìrántí bá lè dé, kí a sì kọ ibi tí wọ́n ti wá, kì báà jẹ́ pé wọ́n tẹ ìlú dó, tàbí wọ́n wá ṣe àtìpó, tàbí a mú wọn wá. Àwọn àgbà tí ó mọ̀ kò pọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ fi fóònù yín gba ohùn àwọn òbí yín sílẹ̀ bí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ máa gba bọ́ọ̀sì kan lọ́dọọdún, kí a máa kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wa lọ sí Àgbádárìgì. Ìnáwó rẹ̀ kò tó èyí tí a ń ná lórí aṣọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí wọ́n gbé ẹ̀wọ̀n náà lọ́wọ́ kí wọ́n mọ bí ó ti wúwo tó. Kí wọ́n sì gun òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta kò gba owó kankan. Kí a fi ẹnu kò lónìí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá tún pe ọmọ ìlú yìí ní ọmọ ẹrú, nínú ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí ti ẹbí, yóò dìde, yóò sì tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀, ipòkípò tí ó wù kí ó wà. Èmi ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù, mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì sọ gbogbo ohun tí ìyá wa àgbà sọ fún un, títí kan pé ìyá náà, nígbà tí ó ti di arúgbó, a máa sọkún lójú oorun, a sì máa pe orúkọ ẹnì kan tí ẹnikẹ́ni nílé kò mọ̀. Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Bàbá kékeré, kí ni orúkọ tí ó ń pè?"

Mo padà lọ bèèrè lọ́wọ́ ìyá wa àgbà. Ó ronú títí, ó mi orí. Ó ní òun mọ̀ ọ́n nígbà tí òun wà ní ọmọdé, ṣùgbọ́n òun kò rántí rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí a kọ èyí tí ó kù sílẹ̀. Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi.